Ilé Tí Kì í Ṣe Ti Ẹnìkan Pé Ọdún 290: Kú Oríire, No. 10!

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1735, Sir Robert Walpole kó ẹrù rẹ̀ wọ ilé kan ní Downing Street, òpópónà kékeré kan ní Westminster, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, ilé náà pé ọdún 290 tí ó ti di ilé Olóòtú Ìjọba Ìlú Ọba. Igba ọdún ó lé àádọ́rùn-ún! Ẹ bá wa lùlù, ẹ bá wa jó! Láti orí Walpole títí dé orí Keir Starmer tó wà níbẹ̀ ní ọdún 2025, ènìyàn 58 ló ti jẹ oyè náà, ọ̀kan ń wọlé, ọ̀kan ń jáde, ilé ò kúrò níbi tó wà.

Àwa ọmọ Yorùbá tí a fi Ìlú Ọba ṣe ilé kejì, láti Peckham dé Woolwich, láti Manchester dé Leeds, a ò lè jókòó lókèèrè máa wo àríyá yìí bí ẹni tí wọn ò pè. Owó orí wa wà nínú rẹ̀. Ìwé ìdìbò wa wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì nínú wa, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn lọ́yà, àwọn tó ń tajà lójú pópó Rye Lane, àbá tí wọ́n dá nínú ilé yẹn ló ń kan gbogbo wa lójoojúmọ́. Nítorí náà, ọdún tiwa náà ni, a sì ti wọṣọ jáde!

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ló dùn jù, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Sir George Downing, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà náà, ló kọ́ àwọn ilé ibẹ̀ láàárín ọdún 1682 sí 1684. Ó fẹ́ kí ilé tètè dìde, kí owó tètè wọlé. Ta ni ìbá rò pé ilé tí wọ́n fi ìkánjú kọ́ sórí ilẹ̀ rírọ̀ ni gbogbo ayé yóò máa tẹjú mọ́ títí di òní? Nígbà tó di ọdún 1732, Ọba George Kejì fẹ́ fi ilé náà ta Walpole lọ́rẹ. Láti ọdún 1721 ni Walpole ti wà nídìí iṣẹ́. Òun ni olórí ilé ìṣúra, òun ni ọba gbójú lé jù nínú gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ọba ló fẹ́ fún un nílé, ta ni yóò bá a wí bí ó bá gbà á? Walpole ní rárá! Ó ní kí ọba má fún òun, kí ó fún ipò náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ́ olórí ilé ìṣúra, òun ni kí ó máa gbé ibẹ̀. Bí ó bá kúrò nípò, kí ó kúrò nílé.

Ẹ ò rí i bí ó ṣe tóbi tó! Ọkùnrin kan na ọwọ́ sí ẹ̀bùn ọba, ó sì gbé ẹ̀bùn náà fún àwọn tí a kò tíì bí. Àwọn tó jẹ oyè lẹ́yìn rẹ̀, Pitt, Gladstone, Churchill, Thatcher, orí ìpinnu ọjọ́ yẹn ni gbogbo wọn sùn. Ìpinnu yẹn gan-an ni à ń ṣe ayẹyẹ rẹ̀.

William Kent, ọ̀gá nínú yíya àwòrán ilé, ló so ilé kékeré tó kọjú sí òpópónà pọ̀ mọ́ ilé ńlá kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a bá dúró níta, ilé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni à ń wò, bẹ́ẹ̀ yàrá inú rẹ̀ tó bí ọgọ́rùn-ún. Ọkùnrin kan ń gbé ilé kékeré kan tó fara kan án nígbà náà, Chicken ni orúkọ rẹ̀. Walpole bẹ̀ ẹ́, ó bá a wá ilé mìíràn ní òpópónà kan náà, ọ̀gbẹ́ni Chicken sì kó lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. A kí òun náà kú oríire níbi tó wà!

Irú ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ààfin Ọ̀yọ́, ààfin Ilé-Ifẹ̀, ààfin Ìjẹ̀bú-Òde, adé ló ni wọ́n, kì í ṣe ẹni tó dé adé. Ọba á wàjà, ọba á jẹ, ààfin á dúró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí mo bá ń kọjá ní Whitehall, tí mo sì yọjú láàárín irin géètì dúdú yẹn, ara mi máa ń yá gágá. Mo mọ irú ilé tí mò ń wò.

Ẹ wá wo ilẹ̀kùn rẹ̀ ná! Dúdú ni, ó ń dán gbinrin bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo pa á lára. Orí kìnnìún onírin wà láàárín rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kanlẹ̀kùn. Nọ́ńbà 10 funfun wà lókè, òdo rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, bí ẹni gẹ fìlà lọ sóde ìyàwó. Nísàlẹ̀ ni ihò lẹ́tà onídẹ wà. Kí ni wọ́n kọ sí i lára? Wọn kò kọ Starmer. Wọn kò tilẹ̀ kọ Olóòtú Ìjọba. First Lord of the Treasury ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ ipò ilé ìṣúra tí Walpole ní kí ọba fún nílé! Bí ẹ bá sì wo ilẹ̀kùn náà kínníkínní, ẹ ò ní rí ihò kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀. Olóòtú Ìjọba tó ń pàṣẹ fún ìlú kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé. Inú ni wọ́n ti ń ṣí i, ẹnìkan sì wà nídìí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Nígbàkigbà tí mo bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n tí ilẹ̀kùn yẹn ṣí fúnra rẹ̀ bí ẹni pé ó mọ ẹni tó ń bọ̀, inú mi máa ń dùn.

Bíríkì ara ilé náà ńkọ́? Gbogbo ayé ló gbà pé dúdú ni. Nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe láti ọdún 1960 sí 1963, lásìkò Harold Macmillan, ni wọ́n tó rí i pé aláwọ̀ ìyeyè ni. Èéfín èédú Lọ́ńdọ̀nù ló pa á láró láti ọjọ́ pípẹ́! Wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n sì kùn ún lọ́dà dúdú padà, nítorí pé bí aráyé ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ó yẹ kí á kí ológbò ilé náà pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 2011 ni Larry ti dé láti ilé ìtọ́jú ẹranko ní Battersea, tí wọ́n sì fi í jẹ Olórí Apeku. Títí di ọdún 2025, Olóòtú Ìjọba mẹ́fà ló ti bá gbélé: Cameron, May, Johnson, Truss, Sunak, àti Starmer. Kò sí èyí tó bá lọ nínú wọn. Larry, o kú iṣẹ́! Ilé ni ìwọ náà ń sìn.

Orúkọ oyè náà gan-an ti rìn jìnnà. Láyé Walpole, èébú ni tí wọ́n bá pe ènìyàn ní prime minister. Ohun tí àwọn alátakò fi ń bú u ni, pé ó fẹ́ ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun náà sì sẹ́ ẹ kanlẹ̀. Ó wà nídìí iṣẹ́ fún ọdún 20 ó lé oṣù mẹ́wàá, kò sí ẹni tó tíì pẹ́ tó o títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ gba orúkọ náà. Oṣù Kejìlá, ọdún 1905 ni ọba tó fi oyè náà sí ipò tirẹ̀ láàárín àwọn oyè ìlú. Ọdún 1917 ni òfin ilẹ̀ tó kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, nígbà tí wọ́n gba ilé ìsinmi Chequers fún un. Láti ọdún 1721 dé 1905, ọdún 184 ni èébú fi ń rìn kí ó tó di oyè! Ẹ jẹ́ kí á pàtẹ́wọ́ fún un!

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á gun àtẹ̀gùn. Nínú ilé náà, lára ògiri aláwọ̀ ìyeyè tó gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ńlá kọjá, àwòrán àwọn Olóòtú Ìjọba tó ti ṣe tiwọn lọ wà níbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Ẹni tó bá ń gòkè, ìtàn ló ń gùn.

William Pitt Kékeré rèé! Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tó gba iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá, ọdún 1783. Ọmọ ọdún 24! Ní ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ lẹ́tà wá iṣẹ́ àkọ́kọ́, òun ti ń darí ìlú. Kò sì sí ẹni tó gbé inú No. 10 pẹ́ tó o. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Lord Grenville, nítorí pé òun kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Oṣù 13 péré ló lò, àmọ́ abẹ́ ìjọba rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe òfin ọdún 1807 tó fi òpin sí òwò ẹrú láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin yẹn ló bí ẹgbẹ́ ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ etíkun wa. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun yẹn dá ọkọ̀ ẹrú kan dúró, ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn sì wà nínú rẹ̀: Àjàyí! Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Àjàyí di Samuel Àjàyí Crowther, ó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1843, ó wá di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Nígbà tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1851, ó fojú kan Lord Palmerston tí ó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Palmerston di Olóòtú Ìjọba. Ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú omi jókòó ti ẹni tí yóò wọ No. 10, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sì jọ sọ! Lẹ́tà tí ẹ ń kà lójú ìwé yìí, iṣẹ́ ọwọ́ Àjàyí wà nínú rẹ̀.

Earl Grey rèé, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe tíì olóòórùn dídùn tí àwọn àǹtí wa fẹ́ràn. Lásìkò tirẹ̀ ni òfin ọdún 1832 ṣí ilẹ̀kùn ìdìbò fún àwọn tí kò ní àǹfààní rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọdún kejì rẹ̀ sì ni wọ́n ṣe òfin tó tú ẹrú sílẹ̀ káàkiri ọ̀pọ̀ ilẹ̀ abẹ́ Ìlú Ọba. Robert Peel náà rèé: òun ló dá ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní ọdún 1829 kí ó tó di Olóòtú Ìjọba, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọlọ́pàá ní bobby, àgékúrú orúkọ rẹ̀. Benjamin Disraeli rèé, ọmọ ìdílé Júù, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, tó fi ọgbọ́n ẹnu àti gègé dé òkè pátápátá. William Gladstone rèé, tó jẹ oyè náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin! Ìgbà àkọ́kọ́ tó jẹ ni òfin ìdìbò ìkọ̀kọ̀ ti ọdún 1872 wọlé. Ọmọ ọdún 82 ni nígbà tó padà wá fún ìgbà kẹrin. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwòrán kan wà tí mi ò lè sáré kọjá rẹ̀: David Lloyd George. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, àbúrò ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránbàtà, ní abúlé Llanystumdwy ní ilẹ̀ Wales, ló sì gbà á tọ́. Èdè Welsh ni wọ́n fi re é lẹ́kún. Nínú gbogbo àwọn 58 yìí, òun nìkan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè àbínibí rẹ̀! Ẹ fojú inú wo ọmọ aránbàtà abúlé tó ń fi èdè ìyá rẹ̀ bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú No. 10, tí ogun àgbáyé sì ń lọ lọ́wọ́ níta. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò fa ọmọ yín sẹ́yìn nílùú yìí, ẹ wo ògiri yẹn dáadáa! Lloyd George ló gbé ètò owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó kalẹ̀ nígbà tó wà ní ilé ìṣúra, Asquith ni Olóòtú Ìjọba nígbà náà: láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1909, ẹni tó bá ti pé 70 ọdún tí kò ní lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba tó ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Ní ọdún 1918, tí òun fúnra rẹ̀ ti wọ No. 10, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣòfin. Ọmọ aránbàtà, o ṣeun, o ṣeun!

Ramsay MacDonald náà rèé, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ní oko kan ní ilẹ̀ Scotland, tí àwọn òbí rẹ̀ kò sì ṣe ìgbéyàwó. Ní ọdún 1924, ó di Olóòtú Ìjọba àkọ́kọ́ láti inú ẹgbẹ́ Labour. Láti oko ẹni ẹlẹ́ni dé ẹnu ilẹ̀kùn dúdú yẹn! Ilé tí wọn ò fi jogún fún ẹnìkan, ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́.

Winston Churchill kò nílò alárinà. Ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún, ọdún 1940 ló gba iṣẹ́, nígbà tí iná ogun ń jó ilẹ̀ Yúróòpù, ohùn rẹ̀ sì gbé ìlú dúró. Ẹ̀bùn Nobel tó gbà ní ọdún 1953, ti lítíréṣọ̀ ni! Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti Churchill nínú ìjọba ogun yẹn ni ọkàn wa fà sí jù: Clement Attlee, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1941, ó lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ WASU tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1925. Ó sọ fún wọn pé ìlérí òmìnira tí Churchill àti Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, ṣe lójú òkun kì í ṣe ti aláwọ̀ funfun nìkan, pé ti gbogbo ènìyàn ni. Àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ, wọ́n sì di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin.

Ọdún 1945 ni Attlee wọ No. 10. Ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 1948, ìjọba rẹ̀ dá NHS sílẹ̀, Aneurin Bevan, mínísítà ètò ìlera, ló gbé e ru: ìtọ́jú fún olówó àti tálákà, láìsan kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn! Ta ni nínú wa tí kò ní nọ́ọ̀sì, dókítà tàbí olùtọ́jú arúgbó nínú ẹbí? Inú NHS la bí àwọn ọmọ wa sí. Ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni àwọn arúgbó Gẹ̀ẹ́sì ń fi rìn lóru. Bí ẹnìkan bá ní kí n mú ẹyọ iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú ohun tó ti ilé yẹn jáde láti ọdún 290 sẹ́yìn, èyí ni mo máa mú, mi ò sì ní wẹ̀yìn.

Harold Macmillan dé Nàìjíríà ní oṣù Kìíní, ọdún 1960. Oṣù tó tẹ̀lé e ló dúró ní Cape Town, tó sọ fún àwọn aláṣẹ ibẹ̀ lójú wọn pé afẹ́fẹ́ àyípadà ti ń fẹ́ ní Áfíríkà. Òun ló wà ní No. 10 nígbà tí àsíá wa gòkè ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹwàá, ọdún 1960, tí Tafawa Balewa sì jẹ́ Olóòtú Ìjọba tiwa. Oyè Walpole ti rìn dé Èkó! Ní oṣù Kìíní, ọdún 1966, Harold Wilson wọkọ̀ òfuurufú wá jókòó ní Èkó, níbi ìpàdé àwọn olórí Commonwealth, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìpàdé náà jáde kúrò ní Ìlú Ọba. Wilson yìí kan náà ló ṣe agbátẹrù Open University, tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1969. Mélòó nínú wa ló ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tó ṣí ìwé lórí tábìlì oúnjẹ, tó sì gba dìgírì níbẹ̀? A kí i kú iṣẹ́!

Ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 1979: obìnrin wọlé! Margaret Thatcher, ọmọ olónjẹ tó tajà ní Grantham, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà kí ó tó kọ́ òfin, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ilẹ̀kùn dúdú yẹn ṣí fún bí Olóòtú Ìjọba. Ó lo ọdún 11 ó lé, kò sí ẹni tó pẹ́ tó o ní gbogbo ọ̀rúndún ogún. Theresa May àti Liz Truss tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. John Major ló gba ipò lọ́wọ́ Thatcher, ọmọ Brixton tí àwa náà mọ̀ bí ẹni mowó, tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 16, tó sì dé òkè. Tony Blair wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, ọdún 1998, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Belfast. Ọjọ́ ayọ̀ ni! Ní ọdún 2005, tí Blair ṣì wà nípò, tí Gordon Brown wà ní ilé ìṣúra, tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì ń darí Nàìjíríà, àwọn orílẹ̀-èdè tó yá wa lówó fa gbèsè tó tó bílíọ̀nù 18 dọ́là ya. Brown náà wọ No. 10 ní ọdún 2007.

Rishi Sunak wọlé ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá, ọdún 2022, ọjọ́ kejì ọdún Diwali, ọmọ oníṣègùn àti apòògùn, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wá, ẹlẹ́sìn Híńdù. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀! Àwọn aládùúgbò wa ará Íńdíà ní Southall yọ̀ títí, a sì bá wọn jẹ dídùn ọdún náà.

Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí mo rí nípa ilé yìí, ọjọ́ tí Sunak jáde ni mi ò lè gbàgbé. Ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn ní ọdún 2024, a sì jọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 5, oṣù Keje. Wọ́n dìbò ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì rèé, Sunak dúró síwájú ilẹ̀kùn, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbòjò lọ́wọ́. Ó kí ẹni tó borí rẹ̀, ó ní ènìyàn dáadáa ni, ó wọ mọ́tò, ó lọ sọ́dọ̀ Ọba Charles. Kò pẹ́, Starmer dé, ọmọ oníṣẹ́ irin àti nọ́ọ̀sì, ó ń bọ àwọn èrò lọ́wọ́ láti ẹnu géètì títí dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Ìyá mi yí sí mi. "Ẹni àárọ̀ yẹn dà?"

"Ó ti lọ, Màámi."

"Lónìí náà? Ẹrù rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á ti máa kó o."

Màámi dákẹ́, ó gbé ojú rẹ̀ padà sára tẹlifíṣọ̀n, ó wo ilẹ̀kùn náà títí ó fi pa dé lẹ́yìn Starmer. Ó wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Kò sí ẹni tó tì í, kò sí ẹni tó fà á, ó sì lọ wọ́ọ́rọ́! Ọlọ́run, fún wa ní irú èyí." Mo ṣe àmín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni NHS sì pé ọdún 76, mo sọ fún un, ó ní kí á lọ gbé mínírà tútù wá.

Ayọ̀ wa tún lé sí i lọ́dún náà! Ní ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, ẹgbẹ́ Conservative yan Olúkẹ́mi Adégòkè, ìyàwó Badenoch, ṣe olórí wọn. Ọmọ Yorùbá ni! Wimbledon ni wọ́n bí i sí, Èkó ló dàgbà sí, ọmọ ọdún 16 ló padà wá sí Ìlú Ọba. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó darí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá níbí. Bí a wà nínú Conservative o, bí a wà nínú Labour o, bí a kò tilẹ̀ sí nínú ìkankan o, bí aago 12 ọ̀sán bá ti lù ní Ọjọ́rú, tí àwọn aṣòfin bá jókòó, ẹni tó ń ṣáájú àwọn alátakò láti bi Olóòtú Ìjọba ní ìbéèrè, Kẹ́mi wa ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń ti ilé ìtajà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 láti wò ó. Ó ní àwọn oníbàárà lè dúró.

Nítorí náà, a kí yín o! Kú oríire, No. 10! A kí Keir Starmer tó wà nínú ilé ní ọdún 2025, àti gbogbo àwọn tó ti jẹ oyè náà ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n ṣì wà láàyè: Major, Blair, Brown, Cameron, May, Johnson, Truss, Sunak. Ẹ̀mí gbogbo yín á gùn! A kí àwọn tí ẹnìkan kì í yà ní fọ́tò: ẹni tó ń dáná, ẹni tó ń nu orí kìnnìún ẹnu ilẹ̀kùn títí tó fi ń dán, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé àpótí pupa wọlé lálẹ́, ọlọ́pàá tó dúró nínú òtútù, àti ẹni yẹn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí a kì í rí, tó ń ṣí i fún gbogbo ẹni tó bá dé. Ní ọdún 2035, ilé náà á pé ọdún 300. Àwa ará Peckham ti ń dá owó aṣọ ẹbí. Búlúù ojú ọ̀run la mú, pẹ̀lú gèlè fàdákà, ẹnu géètì Whitehall la ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìlù!